Ta ló ń rí ohun tí ẹ gbé síta? Àlàyé lórí WhatsApp, Facebook, TikTok àtàwọn yòókù

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ ní Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì. Ó ya àwòrán ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó gbé e sí status WhatsApp, ó kọ iye tó ń ta kọ́ńgò kan sí i nídìí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tẹ àmì ojú tó wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, ó rí i pé èèyàn mẹ́rìnlá péré ló wò ó, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀ lé ní irinwó. Ọmọ rẹ̀ ní kó máa lọ sórí TikTok, pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé wà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní rárá o, Facebook ni. Ire ni àwọn méjèèjì ń fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í pé: ta lẹ fẹ́ kó ra ìrẹsì yìí gan-an?

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ wọ̀nyí ti jọ ara wọn jù. Ó sì nídìí. Snapchat ló gbé àwòrán tó ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24 jáde ní 2013. Instagram wò ó ṣe ní 2016, WhatsApp náà gbé tirẹ̀ dé ní 2017, òun la ń pè ní status. Nígbà tí fídíò kéékèèké TikTok gbòde kan, Instagram dá Reels sílẹ̀ ní 2020, Facebook náà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń wo ohun tí ìkànnì kan lè gbé nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí gbogbo wọn ló ń gbé àwòrán, gbogbo wọn ló ń gbé fídíò. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń gbé e lọ ni wọ́n ti yàtọ̀. WhatsApp ń gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ yín. Facebook ń gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ yín àti ẹni tó mọ ẹni tó mọ̀ yín. TikTok ń gbé e lọ bá ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yín rí. Àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ibẹ̀ wá, ewu wọn náà sì ti ibẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́rìnlá yẹn, torí òun ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi jù. Kí ẹnì kan tó lè rí status yín, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti séèfù nọ́ńbà ara yín. Bí ẹ bá séèfù ti oníbàárà, tí òun kò séèfù tiyín, kò ní rí nǹkan kan. Nínú àwọn irinwó yẹn, ọ̀pọ̀ ló pe ìyá náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ra ọjà, wọ́n bá tiwọn lọ, nọ́ńbà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni broadcast, ìyẹn iṣẹ́ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe rí: èèyàn 256 lẹ lè kó sínú ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó séèfù yín nìkan ni iṣẹ́ náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti pa àmì tó ń fi hàn pé wọ́n ti ka nǹkan. Àwọn yẹn á wo status yín, ẹ ò sì ní rí orúkọ wọn lára àwọn tó wò ó. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Bí oníbàárà bá ti sanwó tán, kó tó kúrò nídìí ìsọ̀, ẹ ní kó séèfù yín, kí ẹ sì sọ orúkọ tó máa kọ fún un: "Ìyá Oníresì Ìgbẹmọ, Ọjà Ọba." Bí ẹ ò bá sọ ọ́, "Mama Rice" ló máa kọ, Mama Rice mìíràn sì lè ti wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, mi ò rí ìkànnì tó wọ̀ wá lára tó WhatsApp. Ìpàdé ẹbí, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé ó ń gba ohùn. Bàbá tí kò mọ̀wé lè tẹ àmì gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, kó fi ẹnu Èkìtì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ ní Kánádà sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àti ohùn kì í sì í jẹ dátà bíi ti fídíò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti gbà ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó kún owó wọn, tí kò ní ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Bí dátà yín bá ń yára tán, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Storage and data, kí ẹ pa ìgbàsílẹ̀ àwòrán àti fídíò tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Fídíò ìkíni òwúrọ̀ tó ń wọlé láti inú ẹgbẹ́ mẹ́wàá ń jẹ owó tí ẹ ò mọ̀.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti inú fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ títí dé inú fóònù ẹni tó gbà á. Ìyẹn ni pé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè ka ohun tí ẹ kọ sí ara yín. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Iléeṣẹ́ náà ṣì mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ àti àkókò tí ẹ bá a sọ ọ́. Ẹni tí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí náà lè ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò. Nínú ẹgbẹ́, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń rí nọ́ńbà yín, ẹgbẹ́ kan sì lè gba èèyàn 1,024. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin pàápàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ Settings, Privacy, Groups, kí ẹ yí i sí My contacts, kí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí má baà kàn fà yín wọ ẹgbẹ́ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀.

Ewu tó tóbi jù lórí WhatsApp ni pé ẹnu ẹni tí a fọkàn tán ni irọ́ ti máa ń jáde sí wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ kan ń ti inú fóònù kan bọ́ sínú òmíràn pé kí àwọn èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Irọ́ pátápátá ni. Àwọn kan kú, àwọn kan bá ara wọn ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni, olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ni, ìfẹ́ ló mú wọn fi ránṣẹ́. Nítorí irú nǹkan báyìí ni WhatsApp ṣe dín bí a ṣe lè tan ọ̀rọ̀ ká kù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ibì kan ṣoṣo lẹ lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì ọfà méjì tó tẹ̀ léra wọn lókè ọ̀rọ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì yẹn lórí ọ̀rọ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba tàbí ọ̀rọ̀ ìjínigbé, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ pe ẹni tó fi ránṣẹ́, kí ẹ bi í pé ta ló sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń ṣe é. Wọ́n á pè yín pé àwọn ti fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí yín, bóyá láti ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ẹ kà á fún àwọn. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín. Bí ẹ bá kà á, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín nìyẹn, wọ́n á sì fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ wọ Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ fi PIN tiyín sí i. Pẹ̀lú rẹ̀, bí nọ́ńbà mẹ́fà náà tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wọn, ọ̀nà ṣì dí.

Facebook ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2004 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard ní Amẹ́ríkà, ó sì di ti gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 13 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006. Orúkọ ni wọ́n fi ń wá èèyàn níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹni tí ẹ jọ ka ìwé mẹ́wàá, tí ẹ kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí kò tíì sí fóònù alágbèéká, orí Facebook lẹ ó ti rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú: ẹni tó jẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé tàbí Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n bí sí Kádúná lè wọlé, kó bi wọ́n léèrè ìdílé bàbá rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì dá a lóhùn. WhatsApp kò lè ṣe èyí fún un, torí yóò kọ́kọ́ ní nọ́ńbà ẹnì kan ná.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa Facebook ni pé kì í fi ohun tí ẹ gbé síbẹ̀ han gbogbo ọ̀rẹ́ yín. Ẹ̀rọ kan wà tó ń yan ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí, ohun tó sì ń wò ni ohun tó máa mú kí èèyàn dúró, kó dáhùn, kó bínú pàápàá. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn òṣèlú fi máa ń lọ jìnnà, tí ìkéde ọjà sì máa ń kú síbi tó wà. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé ìṣòwò yóò rí i pé, bí àwọn tó tẹ̀ lé òun tilẹ̀ pọ̀, díẹ̀ nínú wọn ni ọ̀rọ̀ òun ń dé ọ̀dọ̀ wọn, àyàfi bó bá sanwó ìpolówó. Ojú ewé ènìyàn lásán náà kò lè gba ju ọ̀rẹ́ 5,000 lọ.

Ẹ wo àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò lábẹ́ orúkọ yín nígbàkigbà tí ẹ bá gbé nǹkan sí Facebook. Bó bá jẹ́ àwòrán ayé róbótó, gbogbo ayé ló lè rí i. Bó bá jẹ́ orí èèyàn méjì, àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbé àwòrán ọmọ wọn nínú aṣọ ilé ìwé síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé ìwé àti ọjọ́ ìbí, tí ayé róbótó sì wà níbẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Ẹ padà lọ wo àwọn ti àtẹ̀yìnwá. Ní ti ọjà rírà níbẹ̀, èrò tèmi ni pé kí owó má ṣaájú ojú: ẹ rí ọjà, ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó sanwó.

TikTok ní tirẹ̀ kì í béèrè iye èèyàn tó mọ̀ yín. Iléeṣẹ́ ByteDance ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ni ín, ó sì gbilẹ̀ kárí ayé lẹ́yìn tí wọ́n da Musical.ly pọ̀ mọ́ ọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018. Ó máa ń gbé fídíò tuntun fún àwọn èèyàn díẹ̀ wò. Bí wọ́n bá wò ó dópin, á gbé e fún àwọn mìíràn, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Amọ̀kòkò kan ní Ìṣàn-Èkìtì tí kò ní olùtẹ̀lé kankan lè gbé fídíò ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe ń yí amọ̀, bó ṣe ń fi ìka dán ẹnu ìkòkò títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí ẹni tó wà ní London sì wò ó, kó béèrè bí òun ṣe lè rí irú rẹ̀ rà. Kò sí ìkànnì mìíràn nínú àwọn tí mò ń sọ yìí tó fún ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ṣeé gbé jìnnà, ó sì ń dùn ún wò, torí náà mo gbà pé TikTok yẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìrẹsì kọ́ńgò méjì kò yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lè wo fídíò ìyá oníresì wa, kí ó jẹ́ pé Bràsíl àti Kẹ́ńyà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Àwọn tó lè ra ìrẹsì rẹ̀ lọ́la wà ní Bàsírí, ní Ajílósùn, ní Ìyìn àti ní Ìgèdè. Èmi ì bá sọ fún un pé kó fi ọwọ́ líle mú WhatsApp, kó tún status rẹ̀ ṣe bí mo ṣe wí, kó yí i sí WhatsApp Business, èyí tí kò gba owó, tí èèyàn lè to àwòrán ọjà àti iye owó sí, kó sì máa gbé ọjà sínú ẹgbẹ́ Facebook àwọn ará Adó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ TikTok, kó ṣe é, ṣùgbọ́n kó má fi ìyẹn rọ́pò èyí. Dátà tí TikTok ń jẹ pọ̀, àkókò tó ń jẹ sì pọ̀ ju dátà lọ. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò yẹ kó ní tirẹ̀ rárá, ẹni tí kò sì tíì pé 18 kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe Live, ìyẹn fídíò ojú ẹsẹ̀, níbẹ̀.

Instagram dáa fún ẹni tí ojú ló ń ta ọjà rẹ̀: aránṣọ, onígèlè, ayàwòrán, ẹni tó ń ṣe aṣọ òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá ló pọ̀ níbẹ̀. Bí àwòrán yín kò bá mọ́, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà.

LinkedIn ni ti iṣẹ́ oṣù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tàbí ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ yóò jẹ àǹfààní rẹ̀, bó bá kọ ohun tó lè ṣe síbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó gba iṣẹ́ níbẹ̀, olè ni.

X, tí wọ́n ń pè ní Twitter títí di oṣù Keje ọdún 2023, ni ìròyìn ti máa ń kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ ni èèyàn lè ti bá gómìnà tàbí iléeṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí gbogbo èèyàn sì máa wò bóyá yóò dáhùn. Àmì aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ níbẹ̀ kò fi hàn mọ́ pé ẹni náà ni ẹni tó pe ara rẹ̀, owó ni wọ́n ń fi rà á láti ìgbà tí Elon Musk ti ra iléeṣẹ́ náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022.

Telegram ni èyí tí àwọn èèyàn ṣì í gbọ́ jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ kan lè gba èèyàn 200,000, fáìlì tó tó 2GB ń kọjá níbẹ̀, èèyàn sì lè fi orúkọ bo nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ pé òun ló pa àṣírí mọ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán lórí Telegram kò ní ìtìpa ti WhatsApp, àyàfi bí ẹ bá fúnra yín ṣí Secret Chat, èyí tí kò sì ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́. Nọ́ńbà tó fara pa mọ́ yẹn náà ló jẹ́ kí àwọn oní-sọ-owó-di-púpọ̀ fẹ́ràn ibẹ̀. CBEX, ètò sọ-owó-di-púpọ̀ tó dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, lo ẹgbẹ́ Telegram láti bá àwọn tí owó wọn wọlé sí i sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹni tó bá ní òun ti pín ọjà òun sórí Facebook, Instagram àti WhatsApp kó má baà sí ewu, ọwọ́ ẹnì kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Facebook ra Instagram ní 2012 ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ó ra WhatsApp ní 2014 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19, ó sì yí orúkọ iléeṣẹ́ náà padà sí Meta ní 2021. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kárí ayé. Twitter ní tirẹ̀, ìjọba Nàìjíríà ló ti í pa láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Oṣù méje ni ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan fi wá wọn tì. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó ń padà wá sínú rẹ̀.

Ẹ sì tọ́jú láìnì tí ẹ fi ṣí WhatsApp. Láìnì tí kò bá pe ẹnikẹ́ni, tí kò ra dátà, tí kò náwó kankan fún oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ fóònù lè ti í pa, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì tún kọjá, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rà á ni iṣẹ́ tó ń gbé nọ́ńbà mẹ́fà wọlé yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí òkè òkun, tàbí tí ẹ fẹ́ pa láìnì kan tì, ẹ wọ Settings, Account, Change number, nígbà tí láìnì àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Gbogbo ẹgbẹ́ yín yóò bá yín lọ sórí tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí báńkì, kí ẹ yí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ náà padà.